Sípíkà Márùn-ún Nínú Yàrá Ẹ̀yìn

Ọdún kan àti oṣù méjì lẹ́yìn tí ojú Màmá Àlóò fọ́ pátápátá ló sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì pé òun fẹ́ sọ yàrá ẹ̀yìn di yàrá sinimá.

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni. Wọ́n jókòó yí tábìlì ìjẹun ká, tíì àti búrẹ́dì wà níwájú wọn. Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé girama, gbé ife sílẹ̀ bí ẹni tí tíì jó lẹ́nu.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

"O gbọ́ mi. Yàrá sinimá. Sípíkà níwájú, sípíkà lẹ́yìn, ti báàsì nílẹ̀."

"Ta ni yóò máa wo sinimá ọ̀hún?"

"Èmi ni."

Ọ̀gá ilé-ìwé wo àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, pé kó bá òun dá sí i. Nọ́ọ̀sì tẹjú mọ́ búrẹ́dì, ó ń fi bọ́tà pa ibi tó ti pa tẹ́lẹ̀.

"Ẹ yé wo ara yín," ni ìyá wọn wí. "Ojú mi ló lọ. Etí mi ò bá a lọ, kò tiẹ̀ sìn ín dé ẹnu ọ̀nà."

Iṣẹ́ ló sọ ọ́ ní Àlóò. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, láti ayé ìgbà tó jẹ́ pé èèyàn ní láti bẹ ẹnì kan kó tó lè bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ lórí wáyà. Òun ni ẹni tí wọ́n ń bẹ. Yóò de ìgbọ́rọ̀ mọ́ etí, ọgọ́rùn-ún wáyà níwájú rẹ̀, yóò ní, "Àlóò, nọ́ńbà wo?" Kí onítọ̀hún tó dáhùn, mímí rẹ̀ lásán ti sọ bóyá oníṣòwò ni, tàbí ọkọ tó ń purọ́ fún ìyàwó, tàbí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Bí wáyà kan bá ń ṣàìsàn ní ìpẹ̀kun ìlú, òun ló ń kọ́kọ́ gbọ́. Àwọn oníṣẹ́ yóò gbé àkàbà lọ síbi tó bá júwe, wọn yóò sì bá ìbàjẹ́ náà níbẹ̀. "Àlóò ti gbọ́ ọ," ni wọ́n máa ń wí, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Tó bá di Sátidé, òun àti ọkọ rẹ̀ a lọ sí ilé sinimá. Ọkọ a ti sùn kí fíìmù tó dé ìdajì; ìyàwó a wò ó tán, a sì máa ròyìn rẹ̀ fún un bí wọ́n bá ń rìn bọ̀ wálé. Ọkọ kú. Ilé sinimá di ilé ìtajà ibùsùn. Lẹ́yìn náà ni àìsàn ojú dé, èyí tí kì í dunni, tó kàn ń ká ìríran láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín bí olè tó ń ká ẹní.

Tẹlifíṣọ̀n wà ní pálọ̀, ṣùgbọ́n ó ti sú u. Ojú kan ṣoṣo ni gbogbo ohùn ń gbà jáde. Ẹni tó ń bínú, ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀, ọkọ̀ tó ń kọjá, ajá tó ń gbó, gbogbo wọn há sínú agolo kan. Kò mọ ẹni tó dojú kọ ẹni. Bẹ́ẹ̀ ló rí títí di ọjọ́ tó lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí, tí ọmọ ọ̀rẹ́ náà mú un jókòó sínú yàrá tó fi ń wo fíìmù. Ìlẹ̀kùn ṣí lẹ́yìn Màmá Àlóò. Ó yíjú padà láti kí ẹni tó wọlé. Kò sẹ́ni tó wọlé. Inú fíìmù ni. Ẹsẹ̀ onítọ̀hún gba apá ọ̀tún rẹ̀ kọjá, ó lọ síwájú, ó fa àga, ó jókòó.

"Mo rí yàrá náà," ló sọ fún nọ́ọ̀sì nígbà tó délé. "Mo rí ibi tí wọ́n gbé tábìlì sí."

Ọjọ́ náà ló ti pinnu.

"Màmá," ni ọ̀gá ilé-ìwé wí lórí tábìlì tíì, ohùn tó fi ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ lórí ìlà ló gbé wọ̀, "kì í ṣe sinimá lẹ nílò. Ẹni tí yóò wà nítòsí yín lẹ nílò. Àbí ẹ ti gbàgbé àtẹ̀gùn ẹ̀yìn?"

Kò gbàgbé. Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ó ṣi ẹsẹ̀ gbé lórí àtẹ̀gùn náà, ọwọ́ òsì rẹ̀ dá, ó sì wà nílẹ̀ fún odidi wákàtí kan kí aládùúgbò tó gbọ́ igbe rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀gá ilé-ìwé ti ń sọ pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, kí wọ́n fi ilé rẹ̀ háyà.

"Mo ti kun yàrá yín," ló wí. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé. Àwọ̀ ewé tútù ni mo fi kùn ún."

"O ṣeun, ọmọ mi. Máa bá mi wò ó dáadáa."

Ẹ̀rín pa nọ́ọ̀sì, tíì ṣìnà lọ́fun rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín.

"Sípíkà ò lè gbé yín dìde nílẹ̀, Màmá."

"Ọ̀dà ara ògiri náà ò lè gbé mi. Owó ìfẹ̀yìntì mi ni mo fẹ́ fi rà á, mi ò tọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ta ló máa sìn mí lọ?"

Nọ́ọ̀sì gbé ọ̀bẹ bọ́tà sílẹ̀, ó ní òun máa sin ìyá òun lọ. Kì í ṣe pé ó fara mọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ó kàn rò pé bí ìyá òun bá dé ìsọ̀, tó gbọ́ bí ìdààmú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, yóò sú u.

Ní ọjọ́rú, ó gbàyè níbi iṣẹ́, àwọn méjèèjì sì wọ ilé ìtajà ẹ̀rọ kan tí atẹ́gùn inú rẹ̀ tutù bíi inú fìríìjì. Ẹni tó ń tajà wọ bàtà tó ń dún kò-kò-kò. Ó kọjá lára Màmá Àlóò lọ bá nọ́ọ̀sì.

"Ẹ káàbọ̀, àǹtí. Kí ni Màmá fẹ́? Ṣé rédíò kékeré ni wọ́n ń wá?"

"Màmá wà níbí," ni Màmá Àlóò wí. "Wọ́n sì ń gbọ́ ọ."

"Ẹ má bínú, Màmá." Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì náà ló tún kọjú sí. "Àǹtí, ẹ wá wo èyí tó wọlé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ga tó èèyàn. Iná búlúù yí i ká, bí báàsì bá ṣe ń dún ni iná náà á máa jó. Ẹni tó bá wọ pálọ̀ yín, ó di dandan kó béèrè..."

"Pa iná náà," ni Màmá Àlóò wí.

"Màmá?"

"Pa iná náà, kí o fi ohùn èèyàn sí i. Mi ò fẹ́ orin. Èèyàn méjì tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lásán ni kí o fi sí i."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọkùnrin náà tó rí irú rẹ̀. Nínú gbogbo fíìmù tó fi ń polówó ọjà, ilé ló ń jó, ọkọ̀ ló ń fò, ìbọn ló ń dún. Níkẹyìn ó rí ọ̀kan tí tọkọtaya ti ń jà nínú ilé ìdáná. Màmá Àlóò jókòó sí àárín, ó dẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan bó ti máa ń ṣe nídìí iṣẹ́.

"Inú garawa ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀," ló wí.

"Màmá, kò sí èyí tó dára tó o nínú ìsọ̀ yìí o."

"Báàsì rẹ̀ dára. Ọjọ́ tí mo bá fẹ́ wó ilé, mo ti mọ ibi tí màá wá. Nínú gbogbo wọn, èwo ni ọ̀rọ̀ ẹnu ń gba inú rẹ̀ jáde?"

Ọkùnrin náà ṣàlàyé, nọ́ọ̀sì ló sì ń ṣàlàyé fún. Ó ní sípíkà àárín, tó máa ń wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ni ọ̀rọ̀ ẹnu ń gbà jáde. Tòsì àti tọ̀tún níwájú ló ń gbé orin àti ìrìn. Méjì ẹ̀yìn ló ń gbé ohun tó yí èèyàn ká, ẹyẹ, èrò, ìlẹ̀kùn. Báàsì ní tirẹ̀, tó ń gbé ohùn tó wúwo, ilẹ̀ ni wọ́n ń gbé e sí. Márùn-ún àti ẹyọ kan nìyẹn. Ṣùgbọ́n èyí tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́lá báyìí, méje ni, àní mẹ́sàn-án, tí wọ́n ń gbé mẹ́rin kọ́ sí àjà kí òjò lè máa ti òkè rọ̀.

"Yàrá mi gùn ní ẹsẹ̀ mẹ́rìnlá, ó fẹ̀ ní méjìlá," ni Màmá Àlóò wí. "Àtẹ́lẹsẹ̀ mi ni mo fi wọ̀n ọ́n. Bí mo bá kó sípíkà mẹ́sàn-án síbẹ̀, níbo lèmi máa jókòó? Kí n yọrí gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé? Márùn-ún àti ẹyọ kan tó mi. Gbé èyí tó kéré wá."

Ọkùnrin náà so èyí tó kéré mọ́ ẹ̀rọ, ó fi ìjà tọkọtaya náà sí i. Ohùn náà rẹlẹ̀, ó tín-ín-rín. Ó yí i padà sí èyí tó ga. Ohùn kún inú ìsọ̀.

"Ẹ gbọ́ ìyàtọ̀, àbí ẹ ò gbọ́?"

Nọ́ọ̀sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìyàtọ̀ wà lóòótọ́. Màmá Àlóò na ọwọ́ síta.

"Gbé rìmóòtù yẹn fún mi."

"Ẹ má ṣèyọnu, Màmá, èmi náà máa..."

"O tẹ̀ ẹ́ sókè lẹ́ẹ̀mẹ́fà nígbà tó kan bàbá ńlá yìí. Nígbà tó kan ọmọ rẹ̀, o ti kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Bọ́tìnì rẹ ń dún. Ohun tó bá pariwo jù ló máa ń dùn létí ẹni tí kò fara balẹ̀, ìwọ náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mú àwọn méjèèjì dọ́gba."

Àwọn oníbàárà méjì tó wà nídìí fìríìjì bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà tẹ rìmóòtù. Ó mú wọn dọ́gba. Ó sì rìn kò-kò-kò padà sídìí ẹ̀rọ, bàtà rẹ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

Èyí tó kéré bẹ̀rẹ̀. Obìnrin inú fíìmù náà ń fọ àwo. Omi ń dà lápá òsì. Ọkọ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ láti àárín. Ó sọ gbólóhùn kan tó gùn, ó dákẹ́, ó wá sọ ọ̀kan tó kúrú.

"Ó ti kẹ̀yìn sí i," ni Màmá Àlóò wí. "Kò lè wo ojú rẹ̀ sọ ìyẹn."

Nọ́ọ̀sì gbójú sókè wo tẹlifíṣọ̀n ìsọ̀ náà. Lóòótọ́ ni, ọkùnrin inú fíìmù náà ti kọjú sí ògiri. Nọ́ọ̀sì rí i pẹ̀lú ojú méjì tó mọ́ kedere, bẹ́ẹ̀ ìyá rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Láti ibẹ̀ ló ti mọ apá ibi tí òun máa dúró sí nínú ọ̀rọ̀ yìí.

"Èyí ni a fẹ́," ni nọ́ọ̀sì wí fún ẹni tó ń tajà. "Ẹ sì máa bá Màmá sọ̀rọ̀, àwọn lẹ ń tajà fún."

"Màmá, èyí ò níná kankan lára o," ni ọkùnrin náà wí, ó fẹ́ gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ṣé o rò pé àìníná rẹ̀ ló máa dùn mí?"

Ọjọ́ Ẹtì ni oníṣẹ́ wáyà wá. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń so sípíkà mọ́ ògiri ilé onílé, kò sì fẹ́ràn kí onílé máa dúró ti òun. Màmá Àlóò dúró tì í. Kó tó tú irinṣẹ́, obìnrin náà dúró sáàárín yàrá, ó pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan. Yàrá náà dá a lóhùn.

"Ó lẹ́nu jù," ló wí. "Bí a bá fi ohùn sí i báyìí, yóò máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn ará inú fíìmù."

Nọ́ọ̀sì gbé kápẹ́ẹ̀tì tuntun tí wọ́n rà tẹ́ sílẹ̀, ó fi kọ́tìnì tó nípọn bo fèrèsé méjèèjì. Màmá Àlóò tún pàtẹ́wọ́. Yàrá dákẹ́.

Oníṣẹ́ ti gun àkàbà, ó ti fi pẹ́ńsù sàmì sí igun òkè nítòsí àjà.

"Kí lò ń ṣe lókè?" ni Màmá Àlóò bi í.

"Sípíkà ẹ̀yìn, Màmá. Òkè ni a máa ń gbé e sí."

"Ta ni ẹ̀yin?"

"Àwa oníṣẹ́."

"Ẹ̀yin oníṣẹ́ lẹ máa jókòó gbọ́ ọ? Ìgbà tí èèyàn bá rìn bọ̀ lẹ́yìn mi, ṣé orí àjà ló ń rìn, àbí ológbò ni?" Ó jókòó sórí àga, ó na àtẹ́lẹwọ́ sókè díẹ̀ ju etí rẹ̀ lọ. "Ibí ni. Ọ̀tún bẹ́ẹ̀, òsì bẹ́ẹ̀. Má sì ti àga mi mọ́ ògiri ẹ̀yìn, fà á wá síwájú. Mi ò fẹ́ kí ògiri máa sọ̀rọ̀ sí mi lọ́rùn."

Oníṣẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ó kùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣe é. Ó gbé tòsì àti tọ̀tún síwájú, ó yí ojú wọn sí àga. Ó gbé ti àárín sí abẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Báàsì ló wá ṣòro. Ó gbé e sí igun, gbogbo yàrá ń kùn bíi màlúù tí ìdin wọ̀ nímú. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn, ohùn rẹ̀ sọnù pátápátá.

"Ọgbọ́n kan wà," ni oníṣẹ́ wí níkẹyìn, ó ń nu òógùn. "Èèyàn á gbé báàsì fúnra rẹ̀ sórí àga tó fẹ́ máa jókòó sí, á fi orin sí i, á wá máa rá kiri nílẹ̀. Ibi tó bá ti dún dáadáa jù létí rẹ̀, ibẹ̀ ló máa gbé báàsì sí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀dọ́ nìyẹn, Màmá. Ìrákòrò ni. Ẹ jẹ́ kí n bá yín..."

"Etí ta ló fẹ́ gbọ́ ọ?"

"Etí yín ni."

"Gbé e sórí àga."

Màmá Àlóò ká etí aṣọ rẹ̀ sókè, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì lélẹ̀. Ọwọ́ òsì tó dá náà ta á dé èjìká. Nọ́ọ̀sì rí i lójú rẹ̀, ó ṣí ẹnu, ó tún pa á dé. Obìnrin ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin náà bẹ̀rẹ̀ sí í rá lẹ́bàá ògiri, díẹ̀díẹ̀, etí rẹ̀ súnmọ́ ilẹ̀, ó ń dúró, ó ń mi orí, ó ń lọ. Oníṣẹ́ ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú pẹ́ńsù.

Bó ṣe wà lórí ìkúnlẹ̀ nìyẹn tí ọ̀gá ilé-ìwé fi ṣílẹ̀kùn.

"Màmá! Wọ́n ti ṣubú! Ẹ sì ń wò wọ́n!" Ó sáré wọlé, ó fẹ́ gbá a mú lábẹ́ apá.

"Fi mí sílẹ̀," ni ìyá rẹ̀ wí láti ilẹ̀. "Ta ló ṣubú? Mò ń wá ibi tí báàsì máa gbé."

"Kí lẹ sọ?"

"Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i. Dákẹ́ ná."

Ó dákẹ́. Ìyá rẹ̀ ò sì rá mọ́. Ó ti gbórí sókè, ó kọ etí sẹ́nu ọ̀nà.

"Ta ni ẹ jọ wá? Bàtà rẹ̀ le. Ó sì ń tẹ bírò."

Bírò náà dákẹ́. "Ẹ káàsán, Màmá," ni ohùn ọkùnrin kan wí lẹ́nu ọ̀nà. "Ágẹ́ǹtì ni mí. Ọ̀gá ní kí n wá wo ilé, ká lè mọ iye tí a máa fi háyà..."

Orin báàsì nìkan ló ń kùn lórí àga. Ọ̀gá ilé-ìwé na ọwọ́ sí ìyá rẹ̀ láti gbé e dìde. Màmá Àlóò gbá ọwọ́ náà kúrò, ó wá ògiri rí, ó sì fi í gbé ara rẹ̀ dìde.

"Ágẹ́ǹtì," ló wí, "o ò ṣẹ̀ mí. Ẹni tó rán ọ níṣẹ́ ni ò sọ fún ọ pé onílé ṣì wà láàyè. Ìwé ilé yìí, orúkọ mi ló wà níbẹ̀. Mi ò ní fi í háyà lónìí, mi ò ní fi í háyà lọ́la. Àlàáfíà ni kí o bá lọ. Kápẹ́ẹ̀tì tí o sì fi bàtà tẹ̀ yẹn, tuntun ni."

Ágẹ́ǹtì fò sẹ́yìn bí ẹni tó tẹ iná. Ó ní kí wọ́n má bínú, ó lọ. Oníṣẹ́ wáyà náà rántí pé òun gbàgbé nǹkan sínú ọkọ̀.

"Ẹ dójú tì mí," ni ọ̀gá ilé-ìwé wí.

"Ìwọ lo mú ojú rẹ wá."

"Màmá, ṣé ẹ mọ ohun tí mo rí nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn yìí? Ọjọ́ yẹn ni mo tún rí. Wákàtí kan lẹ fi wà nílẹ̀! Èmi ni aládùúgbò pè. Ìpàdé ni mo wà, mo ti pa fóònù, ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án ni wọ́n pè mí kí n tó gbé e. Ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án." Ohùn ilé-ìwé ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ̀rù ló ń bà mí. Bí fóònù bá ti dún báyìí, àyà mi á já."

Nọ́ọ̀sì pa orin báàsì náà. Màmá Àlóò fẹ̀yìn ti ògiri.

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà," ló wí. "Àtẹ̀gùn yẹn, mẹ́fà ni. Lójoojúmọ́ ni mo ń kà á kí n tó gbẹ́sẹ̀, bí mo sì ti kà á náà, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Ṣùgbọ́n tí mo bá tìtorí ẹ̀rù kó sínú yàrá aláwọ̀ ewé rẹ, kí ni màá máa ṣe níbẹ̀? Màá jókòó. Ìyàwó rẹ á gbé oúnjẹ wá. Ẹ ó máa yọjú bi mí bóyá mo ti jẹun. Ẹ ó máa sọ̀rọ̀ lórí mi bíi ti ẹni tó ń tajà yẹn: kí ni Màmá fẹ́, ṣé Màmá ti sùn. Mi ò tíì di ẹrù tí wọ́n ń rù láti ilé kan sí òmíràn. Ọjọ́ tí mo bá dà bẹ́ẹ̀, màá pè ọ́. Mo mọ nọ́ńbà rẹ."

"Màmá..."

"Mò ń ṣiṣẹ́. Bí o bá fẹ́ dúró, bọ́ bàtà. Nọ́ọ̀sì, tan báàsì yẹn."

Ó tún kúnlẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé dúró síbẹ̀ pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́, ó ń wo ìyá rẹ̀ tó ń rá kọjá níwájú rẹ̀. Kò tún gbìyànjú láti gbé e. Lẹ́bàá ògiri òsì, bí ìṣísẹ̀ méjì sí igun iwájú, Màmá Àlóò dúró. Ó mi síwájú, ó mi sẹ́yìn, ó fi ọwọ́ gbá ilẹ̀.

"Ibí ni."

Oníṣẹ́ ti padà wọlé. Ó gbé báàsì síbẹ̀, ó ní kí Màmá lọ jókòó, ó fi orin kan náà sí i. Báàsì náà kò kùn mọ́. Ó kàn wà níbẹ̀ bí ẹni tó ń mí. Oníṣẹ́ gbọ́ ọ, ó fi pẹ́ńsù họ orí. "Láéláé, mi ò bá tí ronú àtigbé e síbí," ló wí. Láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìyìn ńlá ni.

Fíìmù tí nọ́ọ̀sì fi dán an wò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọkùnrin kan tó ń rìn lójú ọ̀nà eléruku. Ọ̀gá ilé-ìwé ti ní òun ò ní pẹ́. Etí àga ló jókòó lé, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún, ó fò dìde.

"Mo ṣí gíláàsì ọkọ̀ sílẹ̀!"

Ó ti ká kọ́tìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó rí i pé oòrùn ló wà níta, oòrùn tó le débi pé àwọn ológbò sá sábẹ́ ọkọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ nínú yàrá, òjò ń rọ̀ kíkankíkan. Nọ́ọ̀sì ti dọwọ́ bo ẹnu. Oníṣẹ́ wo ilẹ̀. Màmá Àlóò nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kó pa kọ́tìnì dé, kó má jẹ́ kí ohùn jáde.

Ó padà wá jókòó, ó jókòó dáadáa lọ́tẹ̀ yìí. Ìyá rẹ̀ ń sọ fún un ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: obìnrin náà ti dé sẹ́nu ìlẹ̀kùn o, kò tíì wọlé, ọkùnrin yẹn ti bọ́ aṣọ òjò, ó gbé e kọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún wa. Ọ̀gá ilé-ìwé tí ojú rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan kò rí aṣọ òjò náà títí ìyá rẹ̀ fi sọ ọ́. Ó wò ó títí tó fi tán.

Nígbà tó dìde, kò sọ pé ìyá òun jàre. Kì í ṣe irú rẹ̀. Ó lọ sẹ́yìn ilé, ó dúró wo àtẹ̀gùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó padà wá.

"Ó kéré tán, ẹ jẹ́ kí n fi irin ìdìmú sí i lápá méjèèjì."

"Ìyẹn bọ́gbọ́n mu," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ṣe é."

"N ó sì máa pè yín ní àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́."

"Pè mí. Bí mo bá ń wo fíìmù, mi ò ní gbé e. Kí àyà rẹ má já."

Ó fẹ́ jiyàn, ó jọ pé ó tún rò ó, ó wọ bàtà rẹ̀ lọ. Yàrá aláwọ̀ ewé náà ṣì wà nílé rẹ̀ títí di òní. Wọn ò tíì gbé nǹkan kan sínú rẹ̀, òun náà ò sì yé dárúkọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ò yé kọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, àwọn obìnrin mẹ́rin tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù rí wá wo yàrá náà. Ariwo wọn ti gba ọ̀nà kí wọ́n tó wọlé. Wọ́n pín àga jókòó, wọ́n yẹ sípíkà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n béèrè iye rẹ̀. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn, tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Wáyà, yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀, ó sún síwájú.

"Àlóò, ohùn yìí dára. Ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n yẹn mà kéré o! Gbogbo owó tí o ná yìí, o ò wá ra èyí tó tóbi mọ́ ọn? Báwo la ṣe fẹ́ rí wọn?"

Nọ́ọ̀sì wo ìyá rẹ̀. Màmá Àlóò ti di rìmóòtù mú, ó ń fi àtàǹpàkò wá bọ́tìnì tó fẹ́.

"Ẹni tó bá kéré lójú rẹ̀," ló wí, "kó di ojú méjèèjì."

Ó sì yí ohùn náà sókè.